Bí A Ṣe Ń Dáná fún Àlejò Tó Ní Àrùn Celiac ní Ilé Yorùbá ní Àbújá

Bí ẹni tí ẹ pè wá jẹun alẹ́ ní ilé yín ní Kubwa tàbí ní Gwarinpa bá sọ fún yín pé òun ní àrùn celiac, tí ó sì ṣàlàyé pé òun kì í jẹ ohunkóhun tí àlìkámà bá wà nínú rẹ̀, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn Yorùbá ni pé ọ̀rọ̀ náà kò le. A kò ní ra búrẹ́dì, a kò ní ro sẹ̀mó, a kò ní se kúskús. A ó ro àmàlà, a ó sì se ọbẹ̀ gidi sí i. Òótọ́ wà nínú èrò yìí, nítorí pé oúnjẹ ilẹ̀ wa tí kò ní àlìkámà nínú pọ̀ ju èyí tó ní in lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ oúnjẹ ni ewu rọ̀ mọ́ jù. Ewu wà ní ọ̀nà tí oúnjẹ náà gbà kí ó tó dé inú ìkòkò: ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́, múdù tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n lọ́jà, àpò tí wọ́n dà á sí, ọmọ́rogùn tí a fi rò ó, àti ọwọ́ ẹni tó bù ú. Ẹni tó bá fẹ́ dáná fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tọpa ìyẹ̀fun àlìkámà láti ọjà títí dé orí tábìlì.

Ohun tí gluten ń ṣe nínú ara

Gluten ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn purotéènì kan tó wà nínú àlìkámà, nínú ọkà bálì àti nínú ọkà rye. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà bí a bá pò ó. Nínú ara ẹni tó ní àrùn celiac, bí gluten bá ti dé inú ìfun kékeré, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kí wọ́n dáàbò bo ara á kọjú ìjà sí ìfun náà fúnra rẹ̀. Inú ìfun yìí ní àwọn híhù tíntìntín tó dúró bí irun ara táwẹ́ẹ̀lì, àwọn ni wọ́n sì ń fa èròjà oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìjà yìí ló ń jẹ wọ́n pẹlẹbẹ, tí ènìyàn á fi máa jẹun tí oúnjẹ kò sì ní ṣe ara rẹ̀ lóore. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, inú wíwú, àìtó ẹ̀jẹ̀, àárẹ̀ tí kì í lọ àti egungun tí kò lágbára wà lára ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Àwọn ẹlòmíràn wà tí wọn kì í rí àmì kankan nígbà tí ìfun wọn ń bàjẹ́ lọ́wọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé lágbájá jẹ ẹ́ nígbà kan rí tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

Àrùn yìí kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé, kì í sì í ṣe àṣà àwọn tó fẹ́ fọn. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Yíyẹra fún gluten títí ayé ni ìtọ́jú rẹ̀. Tí a bá kó ènìyàn 100 jọ káàkiri àgbáyé, bíi ẹnì kan nínú wọn ló ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀. Àwọn kan gbà pé àìsàn òyìnbó ni, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọmọdé Sahrawi, ní Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà, ó pọ̀ ju ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ dáadáa. Dókítà ọmọdé kan ní ilẹ̀ Netherlands, Willem-Karel Dicke, ló fi ìdí ọ̀rọ̀ àlìkámà múlẹ̀. Ó ti ń fura tẹ́lẹ̀ kí ìyàn tó mú ilẹ̀ wọn ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945. Nígbà tí búrẹ́dì wá wọ́n bí ojú, tí ara àwọn ọmọ tó ní àrùn náà sì ń yá sí i, ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ dá a lójú, ó sì gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1950.

Bí ìwọ̀n tó ń ṣèpalára ṣe kéré tó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà gbọ́. Ègé búrẹ́dì kan ní nǹkan bíi gíráàmù 2 gluten nínú. Àwọn olùṣèwádìí kan fún àwọn tó ní celiac ní mílígíráàmù 50 péré lójúmọ́ fún oṣù 3, wọ́n sì rí i pé ìfun wọn ti ń bàjẹ́. Bí a bá pín ègé búrẹ́dì yẹn sí ọ̀nà 40, ìdá kan ṣoṣo ni mílígíráàmù 50 náà. Ìdí nìyí tí òdiwọ̀n àgbáyé tí a ń pè ní Codex Alimentarius fi sọ pé oúnjẹ tí wọn yóò kọ “gluten-free” sí lára kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílò kan. Ooru iná kì í ba gluten jẹ́, bó ti wù kí a sè é pẹ́ tó tàbí kí epo gbóná tó. Oògùn apakòkòrò tí a ń fi pa ọwọ́ kò lè pa á, nítorí kì í ṣe kòkòrò. Ọṣẹ, omi àti ọwọ́ tó fọ nǹkan dáadáa ló ń gbé e kúrò.

Ẹ bá àlejò yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ sí ọjà

Ó yẹ kí ìpè yìí ṣáájú ọjọ́ oúnjẹ náà dáadáa, kí àyè lè wà láti wá ohun tó bá yẹ. Bí àlejò bá jẹ́ àgbà, ẹ lè sọ pé: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Inú wa dùn pé ẹ ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó yẹ kí a ṣọ́ra fún àti èròjà tí ẹ̀yin náà ń lò nílé, kí oúnjẹ wa má bàa da ara yín láàmú.” Ìtìjú àti ọ̀wọ̀ lè jẹ́ kí ó dáhùn pé kí ẹ má ṣe ìyọnu, pé ohunkóhun tí ẹ bá ti sè náà ni òun yóò jẹ. Ẹ má ṣe fi ìdáhùn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọlúàbí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ìfun rẹ̀. Ẹ bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: máàgì wo ni ó ń lò, ṣé ó máa ń jẹ oats, ṣé ó fẹ́ kí ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn páálí àwọn èròjà ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp. Ní ti oats, purotéènì inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àlìkámà, ṣùgbọ́n oko àti ẹ̀rọ kan náà ló sábà máa ń pa wọ́n pọ̀, àwọn mìíràn tó ní celiac sì wà tí ara wọn kò gba oats rárá. Ó sàn kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí àlejò bá sì sọ pé òun yóò gbé oúnjẹ òun dání, kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀, kí ẹ sì fún un ní àwo tó mọ́.

Gbogbo ẹni tí yóò wọ ilé ìdáná lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe àṣẹ nìkan. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a kàn sọ fún pé “má fi fláwà sí i” kò ní mọ̀ pé kò yẹ kí òun fi ṣíbí tí òun fi po kọ́sítáàdì bu ọbẹ̀. Bí ìyá ọkọ bá wà nílé, tí wọ́n sì gbà pé díẹ̀ kò lè pa ènìyàn, ó yẹ kí ẹ rọra sọ fún wọn pé dókítà ló kìlọ̀ fún àlejò náà, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín ṣọ́ ìkòkò náà. Àgbà tí a fi ṣe olùṣọ́ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe àìbìkítà.

Ní ọjà

Ní àríwá Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbin àlìkámà ilẹ̀ wa. Kánò, Jigawa, Kebbi, Sokoto àti Borno wà lára ìpínlẹ̀ tó ń gbìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú ìbomirin. Nítorí náà, ọkà tí ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn lè má mọ̀ ju bí ìyẹ̀fun inú àpò lọ, ẹ ó rí i ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì, jéró àti ẹ̀wà ní ọjà Wuse, Garki tàbí Nyanya. Alkama ni àwọn Hausa ń pè é, ó sì wà nínú oúnjẹ wọn bíi gurasa, fankaso, alkubus, alkaki àti taliya. Àwọn kan ń fi ṣe burabisko. Danwake tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀wà lásán ni, àwọn mìíràn máa ń fi fláwà lú u. Ẹni tó bá fẹ́ fi oúnjẹ Hausa ṣe àlejò gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ń tà á pé kí ni wọ́n fi ṣe é, kí ó sì bi í ní èdè tí ó gbọ́ yékéyéké.

Múdù ni ẹ kọ́kọ́ máa wò. Abọ́ kan náà tí ìyá olóúnjẹ fi wọn àlìkámà fún oníbàárà tó ṣáájú yín ni yóò tẹ̀ sínú ìrẹsì yín. Bí ẹ bá rí àpò àlìkámà tàbí fláwà ní ìsọ̀ kan, ẹ lọ sí ìsọ̀ mìíràn tó jẹ́ pé ìrẹsì nìkan tàbí ẹ̀wà nìkan ni wọ́n ń tà, tàbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n ti dì láti ilé iṣẹ́. Ẹ wo àpò pẹ̀lú. Àpò fláwà tó ti ṣófo kì í di ìdọ̀tí lọ́wọ́ wa. Wọ́n máa ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n á sì da gàrí, èlùbọ́ tàbí ẹ̀wà sínú rẹ̀. Gbígbọ̀n kò tó. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń lọ fláwà bá wà lára àpò tí wọ́n ti ń bu gàrí fún yín, ẹ fi gàrí náà sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ènìyàn dúró sí pẹ́ jù ni ẹnu ẹ̀rọ ìlọkà. Ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan gbígbẹ ní àdúgbò kì í ya ọkà sọ́tọ̀. Ìyá kan gbé alkama wá fún tuwo, èkejì gbé àgbàdo, ẹ̀kẹta gbé gbodo wá fún èlùbọ́, ẹ̀kẹrin gbé ata gígùn gbígbẹ. Èyí tó kù lẹ́nu ẹ̀rọ lára ti ẹni ìṣáájú yóò bá ti ẹni tó tẹ̀lé e jáde, gbogbo wa la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ju ẹ̀kúnwọ́ kan sí i kí ó kọ́kọ́ ṣan ẹ̀rọ. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn lè yí àwọ̀ ata kúrò nínú èlùbọ́. Kò lè kó ìyẹ̀fun tó ti wọ inú ẹ̀rọ kúrò. Nítorí èyí, àmàlà tí gbogbo wa máa ń gbẹ́kẹ̀ lé ni màá kọ́kọ́ yọ kúrò lórí tábìlì irú àlejò yìí. Èmi kì í sọ pé èlùbọ́ kò dára. Iṣu lásán ni, kò sí gluten nínú iṣu. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ilé tí wọ́n ti lọ̀ ọ́ kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Bákan náà ni láfún, ìyẹ̀fun àgbàdo, ìyẹ̀fun ìrẹsì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà, ata lílọ̀, atalẹ̀ lílọ̀, ẹ̀gúsí lílọ̀, àti èròjà suya tí wọ́n ń pè ní yaji. Ohun tó bá ṣeé rà ní odidi, ẹ rà á ní odidi, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ nílé. Ẹ̀rọ tó ń lọ ata tútù kò fi bẹ́ẹ̀ léwu tó ti gbígbẹ, ṣùgbọ́n àwọn kan ń lọ ọkà rírẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ lọ ata náà nílé.

Acha yẹ kí a dárúkọ lọ́tọ̀, nítorí ọkà ilẹ̀ Plateau àti gúúsù Kaduna yìí kò ní gluten, ó sì dára rọ́pò kúskús. Èyí tí wọ́n ti ṣà, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì dì dáadáa ni kí ẹ rà. Kí ẹ tún tẹ́ ẹ sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nílé, kí ẹ fi ojú wá hóró àlìkámà nínú rẹ̀. Ṣíṣà yìí náà yẹ ìrẹsì, ẹ̀wà, jéró àti ọkà bàbà. Hóró àlìkámà tóbi ju ti jéró àti acha lọ, ó sì ní ìlà kan ní àyà, nítorí náà kì í ṣòro láti rí.

Ní ti ohun inú páálí àti inú ike, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni wheat, barley, rye, malt, semolina, durum, spelt àti couscous. Bí wọ́n bá kọ “may contain wheat”, ẹ fi sílẹ̀. Páálí tó sọ pé òun kò ní àlìkámà lè ní bálì nínú. Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé kò ní gluten. Máàgì, kọ́rì, táímù, bẹkin páúdà, sóọ̀sì sóyà, sọ́séèjì, kọ́sítáàdì àti pòǹdó wà lára ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ka ẹ̀yìn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń ṣe tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti òmíràn. Sóọ̀sì sóyà ni ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù: àlìkámà ni wọ́n fi ń pọn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá kékeré lọ́jà, tí kò ní àkọlé, bíi kọ́rì tí wọ́n ń tà ní ṣíbí ṣíbí, kò ní ibi tí a ti lè kà á, nítorí náà kò gbọdọ̀ wọlé.

Nínú ilé ìdáná

Ìyẹ̀fun máa ń fò, ó sì máa ń pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó balẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ àlejò, ẹ má ṣe yan kéèkì, ẹ má ṣe po ṣínṣín, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ku fláwà sí ibikíbi nínú ilé ìdáná. Bí a bá lè ṣe gbogbo èyí ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí a sì nu ojú tábìlì, ẹnu sítóòfù àti ọwọ́ ìlẹ̀kùn fíríìjì pẹ̀lú aṣọ tuntun, omi gbígbóná àti ọṣẹ, ó dára jù.

Ohun èlò onírin àti onígíláàsì kò nira. Ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa, ẹ sì fi omi mìíràn ṣàn wọ́n. Àwọn onígi ni ìṣòro. Ọmọ́rogùn tó ti ro sẹ̀mó fún ọdún pípẹ́ ti mu sẹ̀mó sí ara. Bí ẹ ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, ẹ kò lè mọ ohun tó kù nínú ihò ara rẹ̀. Ẹ ra ọmọ́rogùn tuntun, owó rẹ̀ kò pọ̀. Bákan náà ni pátákó tí a ń gé nǹkan lé, ṣíbí onígi àti igbá. Ajọ̀ àti asẹ́ tí a ti fi jọ fláwà rí kò gbọdọ̀ jọ ohunkóhun fún àlejò yìí, torí pé ojú ihò wọn kì í mọ́ tán. Kànrìnkànrìn tí ẹ ń fi fọ ìkòkò sẹ̀mó, ẹ jù ú nù, kí ẹ mú tuntun. Ìkòkò tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, tí ara rẹ̀ ti ha, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Odó tí ẹ yá lọ́wọ́ aládùúgbò tó jẹ́ Hausa, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti gún àlìkámà nínú rẹ̀, nítorí pé ilé púpọ̀ níbí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tú blender yín palẹ̀ pátápátá, kí ẹ yọ òrùka rọ́bà abẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun máa ń fara pamọ́ sí. Bí ife rẹ̀ kékeré bá ti lọ ọkà gbígbẹ rí, ẹ má ṣe lò ó.

Àwọn ilé kan wà ní Àbújá tó jẹ́ pé omi mai ruwa, ìyẹn àwọn tó ń ta omi kiri, ni wọ́n ń rà, tí wọ́n sì máa ń fọ gbogbo abọ́ nínú bàsíà kan ṣoṣo kí omi má bàa ṣòfò. Fún ọjọ́ yìí, ohun èlò àlejò ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀ kí omi tó dọ̀tí, kí ẹ sì máa da omi mímọ́ sí wọn lórí pẹ̀lú ife dípò kí ẹ rì wọ́n sínú omi ìṣan tí àwo àwọn ará ilé ti kọjá.

Òróró tó ti dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, bọ́ńsì tàbí ẹja tí a fi fláwà pa lára, ó ti ní gluten nínú, sísẹ́ kò sì lè yọ ọ́. Òróró tuntun ni kí ẹ fi dín dòdò. Bọ́tà àti búlúbáńdì tí ọ̀bẹ búrẹ́dì ti wọ̀, ẹ má ṣe fi dáná. Ẹ ṣí tuntun.

Ohun tí ẹ lè sè

Èrò tèmi ni pé kí gbogbo ilé jẹ oúnjẹ kan náà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá se sẹ̀mó fún ọkọ àti ọmọ, tó wá se òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ fún àlejò, ti fi ṣíbí méjì, ọwọ́ méjì àti ìdérí méjì kún wàhálà ara rẹ̀. Bí kò bá ṣeé yẹ̀, ẹ se ti àlejò ṣáájú, kí ẹ dé e, kí ẹ gbé e jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń se ti yòókù.

Iyán gígún ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Iṣu, omi, odó àti ọmọ odó ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ ìlọkà tó fi ọwọ́ kàn án. Ẹ wá ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀fọ́ rírò sí i. Ẹ̀gúsí tí ẹ ra ní odidi, ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ lọ̀ ọ́ nílé. Ata tútù, tòmátì, àlùbọ́sà, epo pupa, ẹran, pánlá àti irú tí ẹ ti fọ̀ dáadáa kò mú ewu dání, irú àti iyọ̀ sì tó láti mú ọbẹ̀ náà dùn bí ẹ kò bá rí máàgì tó dá yín lójú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fláwà mú ọbẹ̀ ki, bí àwọn ilé oúnjẹ kan ti ń ṣe.

Ẹ̀bà dára bí ẹ bá mọ ibi tí gàrí ti wá. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kò ní ìṣòro ju èròjà rẹ̀ lọ: máàgì, kọ́rì àti táímù. Bí ẹ bá fẹ́ fi hàn pé ẹ ti pẹ́ ní àríwá, ẹ se tuwo shinkafa láti inú odidi ìrẹsì tó rọ̀, kí ẹ sè é jinná kí ẹ sì fi ọmọ́rogùn tuntun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, dípò kí ẹ lo ìyẹ̀fun. Miyan taushe ni ó bá a mu, tí a ń fi elégédé, ẹ̀pà, ata àti ewébẹ̀ sè. Ẹ̀pà náà, ẹ yan án kí ẹ sì lọ̀ ọ́ fúnra yín. Mọ́ínmọ́ín dára, bí ẹ̀wà bá jẹ́ èyí tí ẹ bó, tí ẹ sì lọ̀ nínú blender yín. Àkàrà tí wọ́n dín lẹ́bàá ọ̀nà kò dára, nítorí òróró kan náà ni wọ́n sábà máa ń fi dín bọ́ńsì.

Suya ni ó máa ń dun Yorùbá Àbújá jù láti fi sílẹ̀. Ti mai suya kò ṣeé fi ọkàn tán: ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n fi kún yaji, pátákó àti ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹran sì lè ti gé gurasa tàbí búrẹ́dì fún ẹlòmíràn. Ẹ lè sun ún nílé. Ẹ yan ẹ̀pà, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ fún òróró rẹ̀ kúrò, kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ atalẹ̀ tí ẹ gé tí ẹ sì sá gbẹ, ata gbígbẹ odidi àti iyọ̀. Ẹ gé ẹran ní pẹlẹbẹ, ẹ fi èròjà náà àti òróró ẹ̀pà pa á lára, kí ẹ sun ún lórí wáyà tí ẹ ti ha mọ́.

Ohun mímu kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ yọ málìtì àti bíà kúrò, nítorí bálì. Ẹ yọ àwọn ohun mímu kókó tí wọ́n fi malt ṣe. Kunu tí ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é, ẹ fi sílẹ̀, torí àwọn kan máa ń fi ọkà tó ti hù sí i kí ó lè dùn, ọkà yẹn sì lè jẹ́ àlìkámà. Zobo tí ẹ sè nílé pẹ̀lú atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀yìnbó dára, bẹ́ẹ̀ ni tíì àti omi. Èso ni kí ẹ fi kádìí rẹ̀ ní àsìkò yòówù: máńgòrò, bàrà olómi, ìbẹ́pẹ.

Lórí tábìlì

Iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ lè bàjẹ́ níbí láàárín ìṣẹ́jú kan. Abọ́ ìfọwọ́ tí ènìyàn mẹ́rin ti fọ ọwọ́ búrẹ́dì sí kò yẹ kí àlejò náà tún ki ọwọ́ bọ̀. Ẹ da omi sí i lọ́wọ́ láti inú jọ́ọ̀gì, tàbí kí ẹ mú un lọ sí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ẹ fún un ní àǹfààní láti kọ́kọ́ bu oúnjẹ, èyí tó bá ọ̀wọ̀ àlejò mu nínú àṣà wa pẹ̀lú, kí abọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ṣíbí tirẹ̀. Kí àwọn ọmọ kékeré tó mú bisikíìtì dání má ṣe wá sí ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀. Bí àlejò mìíràn bá gbé kéèkì tàbí mítì-páì wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí yàrá mìíràn títí oúnjẹ yóò fi parí. Ẹ má sì ṣe fi ọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀ ṣe àkọ́rí ìtàn lójú gbogbo ènìyàn. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ tó ní ibòmíràn.

Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn tí ó ti jẹun pé nǹkan kan ti wọ inú oúnjẹ náà, ẹ sọ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sì sọ ohun tó jẹ́ àti bí ó ti pọ̀ tó. Kò sí ohun tí ènìyàn lè mu tí yóò pa gluten lára, nítorí náà ẹ má ṣe fún un ní àgbo, ẹ má sì sọ pé kí ó fi ipá bì. Ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú láàárín wákàtí mélòó kan, ó sì lè di ọjọ́ kejì. Omi àti ìsinmi ni ó nílò; bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà ORS fún un. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ náà kò bá dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Oúnjẹ tí ẹ fẹ́ dì fún un lọ sílé, ẹ bù ú sọ́tọ̀ sínú kúlà tí ẹ fọ̀ mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bu ti tábìlì, kí ẹ dé e, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo èròjà tó wà nínú rẹ̀ sórí bébà kan tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ìdérí rẹ̀.